Ìlà Tó Tọ́ Lójú, Ọ̀nà Tí Kò Dọ́gba

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Nígbà tí olùkọ́ eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ̀yìn tì, wọn kò rán ẹlòmíràn wá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mú fèrè tí ẹni tó lọ fi sílẹ̀, ó fi kọ́ ọkùnrin yìí lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, aṣọ funfun gígùn ni ó ń wọ̀ láàárọ̀, fèrè ni ó ń fi sọ́rùn lọ́sàn-án. Kò ráhùn. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ, iṣẹ́ kì í sì í sú u.

Ní yàrá sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Yóò na ìka kan sókè, yóò ní, "Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà. Kí gbogbo ìyókù dọ́gba. Bí ohun méjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò lè mọ èyí tó fa ohun tí ẹ rí. Ẹ kò ṣe àyẹ̀wò kankan, ẹ kàn ń da omi sínú agolo ni."

Ní àkókò kan, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì. Wọn yóò gbé ọ̀kan sójú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé, wọn yóò gbé èkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Nígbà tí ó yá, ọmọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá síwájú pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ̀wà ojú fèrèsé ti yọ ewé. Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù ti tẹ orí, ó ti kú.

"Sà, òkùnkùn ti pa á," ni ọmọ náà wí.

Olùkọ́ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ agolo tó ti inú kọ́bọ́ọ̀dù wá. Ó gbẹ táútáú.

"Ta ló ń bomi rin ín?"

"Èmi ni, sà."

"Méjèèjì?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Sà, èyí tó wà lójú fèrèsé ló máa ń wà nítòsí mi. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kì í sí lọ́wọ́ mi."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé agolo náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Ẹ̀wà inú òkùnkùn máa ń ga, á funfun, á tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kì í gbẹ báyìí. Òùngbẹ ló pa á. Ìwọ ọmọ yìí, o ti purọ́ mọ́ òkùnkùn."

Ọ̀rọ̀ náà di àṣà ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti di ẹ̀bi ohun kan ru ohun mìíràn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe ẹ̀fẹ̀: "Ta ló bomi rin ẹ̀wà?"

Ọgbọ́n tí ọkùnrin yìí ní ni mo sọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bọ́ aṣọ funfun náà, tí ó fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó dà bí ẹni pé ó fi ọgbọ́n náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú rẹ̀. Lórí pápá, bí ó ṣe bá nǹkan ni ó ń ṣe é.

Báyìí ni ó sì ṣe bá a. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn ọmọ sí fún eré, wọ́n ń pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ilé: Ilé Pupa, Ilé Funfun, Ilé Ewé àti Ilé Yẹ́lò. Ilé Pupa ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ilé Yẹ́lò dé kẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọmọ ti pọ̀ jù, ó sì di ibi tí wọ́n ń kó gbogbo ẹni tó bá pẹ́ wọlé sí, pàápàá àwọn ọmọ tó ti oko wá. Nínú eré àyípo, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, ojú ọ̀nà tó wà nínú pátápátá ni ti Pupa. Funfun tẹ̀ lé e, Ewé tẹ̀ lé Funfun. Yẹ́lò wà ní òde pátápátá, lẹ́bàá igbó. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí rẹ̀, wọn á ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọjà ló ń yan ìsọ̀.

Ẹfun ni wọ́n fi ń fa ààlà ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kan bá yà sí ojú ọ̀nà ẹlòmíràn, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú eré nìyẹn. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n sì fà dábùú gbogbo rẹ̀. Lórí ìlà náà ni gbogbo wọn ti ń gbéra, orí rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń parí eré sí. Èjìká kan èjìká, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan ẹfun. Ó dùn-ún wò. Mà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa tí mo ń pa àkàwé yìí fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí ìlà náà. Kò sí ẹni tó rí i tí kò sọ pé ó dọ́gba.

Yẹ́lò kì í borí nínú eré náà. Kò borí rí. Ó ti dé ibi pé bí eré àyípo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Ilé Pupa á máa kígbe láti abẹ́ igi, "Yẹ́lò! A ti bu oúnjẹ yín dè yín o! Ẹ rọra máa bọ̀!" Àwọn àgbà náà ní àlàyé tiwọn. Àwọn kan ní ẹ̀bà tí wọ́n ń jẹ ní oko ló sọ ẹsẹ̀ wọn di wúwo. Àwọn mìíràn ní wọn kò ní ìtara. Olùkọ́ náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń dá àwọn ọmọ Yẹ́lò dúró lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ láti fi ìdárayá kún ìdárayá fún wọn, a sì máa pariwo mọ́ wọn: "Ẹ gbé ẹsẹ̀! Ṣé odó ni ẹ so mọ́ ọn ni?"

Àánú wọn ló ń ṣe é tó fi ń pariwo. Síbẹ̀, irọ́ ló ń pa mọ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ọmọbìnrin kan wà ní Ilé Yẹ́lò tí ó ń jẹ́ Ìbídùn. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń tọ́ ọ. Ìyá náà ti pè é jókòó, ó ti sọ fún un pé òun kò ní lè gbé ẹrù ilé ẹ̀kọ́ kọjá ọdún náà, pé bí ọdún bá parí, yóò lọ bá àbúrò òun ní ìlú kejì kí ó lọ kọ́ irun dídì. Ìbídùn kò kórìíra irun dídì. Ìwé ni ó fẹ́. Ọ̀nà kan ló sì ṣẹ́ kù fún un. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú eré àyípo àwọn ọmọbìnrin ni yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìdíje agbègbè, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti máa ń wá yan ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìwé àti eré pọ̀, níbi tí ọmọ ti ń sùn, tí ó ń jẹ, tí ó ń kàwé láìsan ohunkóhun.

Nígbà tí ìdíje ń sún mọ́lé, wọ́n dán àwọn ọmọ wò lórí pápá. Ìbídùn sáré títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú. Ọmọbìnrin Ilé Pupa dé, ti Funfun dé, ti Ewé dé, lẹ́yìn náà ni òun dé. Ó lọ jókòó sínú koríko. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní Ilé Yẹ́lò lọ bá a.

"Má dá wọn lóhùn," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Bóyá irun dídì ni Ọlọ́run yàn fún ọ. Orí mi ni kí o kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n má fa irun mi tu."

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. "Nínú eré ojú títọ́, ta ló máa ń ṣáájú láàárín èmi àti ọmọ Pupa yẹn?"

"Ìwọ ni. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ mi tí mo fi ń ṣáájú rẹ̀ náà ni mo gbé wá síbí. Ẹ̀bà tí mo jẹ lánàá náà ló wà níkùn mi. Kí ló wá yí padà?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé èjìká sókè. Ìbídùn yíjú sí pápá, ó ń wo bí àwọn ìlà ẹfun náà ṣe ń tẹ̀ kọrọdọ níbi ìkọ̀rọ̀ tí pápá ti ń yí, ọ̀kan nínú ìkejì, bí abọ́ tí a tò sínú ara wọn. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló bomi rin ẹ̀wà?" ni ó wí.

Ìdì okùn kan wà ní yàrá sáyẹ́ǹsì, okùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń na ògiri. Olùkọ́ máa ń gé e láti fi so òkúta rọ̀ nígbà tí ó bá ń kọ́ wọn nípa fífì. Ìbídùn lọ tọrọ rẹ̀, olùkọ́ sì fún un láìbéèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ Yẹ́lò mìíràn na okùn náà lé ojú ọ̀nà Pupa. Ní ibi ìkọ̀rọ̀, wọ́n dúró ní ìtẹ̀lé-ìtẹ̀lé, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà bọ́. Nígbà tí ó yí pápá po tán tí ó padà dé orí ìlà, wọ́n gé e síbẹ̀. Wọ́n wá gbé okùn kan náà lọ sí ojú ọ̀nà Yẹ́lò.

Okùn náà kò dé orí ìlà. Ó tán sójú ọ̀nà. Ohun tó ṣẹ́ kù tó gígùn yàrá ìkàwé méjì.

"Háà!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ káwọ́ lérí. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí! Oúnjẹ tí wọ́n ń bù dè wá!"

Ìbídùn fi okùn náà sílẹ̀ níbi tó tán sí. Ó lọ pe olùkọ́.

Olùkọ́ náà jáde wá pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ lọ́rùn, nítorí pé àárín iṣẹ́ ni wọ́n ká a mọ́. N kò mọ̀ bóyá aṣọ náà ló ràn án lọ́wọ́. Ó dúró lórí okùn tó tán, ó wo orí ìlà níwájú. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ pé bí a ṣe bá a nìyẹn. Ó pa ẹnu dé. Ó fi ẹsẹ̀ wọn àlàfo náà, ó lọ, ó bọ̀.

"Mo ti purọ́ mọ́ ẹsẹ̀ yín," ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó tán. Lọ́dún yìí, Yẹ́lò ni yóò gba inú. Kí Pupa lọ sí òde. Wọ́n ti jẹ ẹ́ pẹ́ tó."

Àwọn ọmọ Yẹ́lò hó yèè. Ìbídùn nìkan ni kò hó. Ẹ rántí ohun tó wà níwájú ọmọ yìí, Mà. Ìwé ni, àti irun dídì. Ọ̀nà tó kúrú ni wọ́n nà sí i yẹn, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló sì nà án sí i.

"Sà," ni ó wí, "òùngbẹ náà ni a fẹ́ gbé fún ẹ̀wà mìíràn yẹn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé? Wọ́n bu ẹran fún ọ, o ní egungun ni o fẹ́!"

"Bí mo bá gba inú tí mo sì borí, kí ni mo mọ̀?" ni Ìbídùn dáhùn. "N kò ní mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ni tàbí ọ̀nà. Ẹlòmíràn kò sì ní mọ̀. Sà, ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo ìyókù dọ́gba."

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká okùn náà. Títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, òun àti àwọn ọmọ náà ń wọn pápá. Wọ́n fi ìlà ìparí sílẹ̀ níbi tó wà. Pupa yóò gbéra níbi tó ti ń gbéra tẹ́lẹ̀. Wọ́n sún Funfun síwájú níwọ̀n bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe fi gùn ju ti Pupa, wọ́n sún Ewé jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sún Yẹ́lò síwájú jù gbogbo wọn. Bí ó ti wù kí ojú rí i, okùn kan náà ni ó bá gbogbo ọ̀nà náà mu.

Ọjọ́ ìdíje pé. Àwọn òbí kún abẹ́ àtíbàbà. Nígbà tí ó kan eré àyípo àwọn ọmọbìnrin, olùkọ́ to àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ààyè wọn. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí ọmọ Pupa lẹ́yìn. Wọ́n rí ọmọ Yẹ́lò níwájú réré, òun nìkan, bí ẹni tí wọ́n ti jẹ́ kí ó sáré ṣáájú kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

"Ojúsàájú!" ni wọ́n ń kígbe. "Ẹ dá a padà! Ẹ dá olè padà!"

Alága ẹgbẹ́ òbí dìde. Òun ni bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ sáré fún Pupa, òun fúnra rẹ̀ sì ti sáré fún Pupa nígbà èwe rẹ̀, ife tí ó gbà ṣì wà lórí tábìlì ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ká agbádá lé èjìká, ó wọ inú pápá.

"Tíṣà, ṣé iṣu ni ìyá ọmọ yẹn ń gbé wá fún ọ ni? Àwa náà sá eré yìí. Orí ìlà kan ni gbogbo wa ti sá a!"

"Bàbá, ọ̀nà wọn dọ́gba báyìí ni," ni olùkọ́ wí.

"Ó dọ́gba? Ojú mi fọ́ ni? Mo rí i pé ó wà níwájú!"

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sáré dé, òógùn ti bò ó. Ó sọ sí olùkọ́ létí pé kí ó dá gbogbo wọn padà sórí ìlà, kí ọ̀rọ̀ má di ìjà. Olùkọ́ gbé fèrè sẹ́nu. Ó wo Ìbídùn. Gbogbo pápá ń pè é ní olè, ó sì dúró síbẹ̀, kò yí ẹsẹ̀, kò bo ojú. Bí olùkọ́ bá fọn fèrè yẹn, ọ̀nà ọmọ náà tún gùn sí i, ìwé rẹ̀ sì parí.

Ó mú fèrè kúrò lẹ́nu. Ó fa ìdì okùn tuntun kan yọ lápò.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ bá mi di orí okùn yìí mú. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fà á."

Alága kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń wò ó, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé okùn ba òun lẹ́rù. Ó gbà á. Láti ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró, ó fa okùn tẹ̀ lé ojú ọ̀nà Pupa, ọmọ láti inú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Agbádá ń bọ́, ó ń ká a. "Bàbá, ẹ má sùn lọ́nà o!" ni ẹnì kan ké láti abẹ́ àtíbàbà. "A ti bu oúnjẹ yín dè yín!" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, alága náà rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ó dé ìparí, wọ́n gé okùn.

Ó wá lọ sí ibi tí Ìbídùn dúró. Ó ń yára báyìí, nítorí ó dá a lójú pé okùn yóò ṣẹ́ kù, tí gbogbo ayé yóò sì rí ojúsàájú olùkọ́. Ó tẹ̀ lé etí igbó, ó kọrí sí ìkọ̀rọ̀ kìíní, ó kọrí sí ìkejì. Ó dé ìparí. Okùn tán mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ẹfun gan-an. Ó fà á. Kò ṣẹ́ kù, kò sì dín.

"Ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n," ni ó wí.

Wọ́n tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Ó wá béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, bí ọmọ náà bá dúró sórí ìlà àtijọ́ ńkọ́? Olùkọ́ mú orí okùn padà sí ìlà àtijọ́, wọ́n tún nà án. Ó tán sójú ọ̀nà. Alága dúró lórí àlàfo náà, agbádá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, kò ká a mọ́.

"Ẹnì kan wà ní òde lọ́jọ́ tí mo gba ife," ni ó wí. "N kò rántí orúkọ rẹ̀."

Ó padà sí àyè rẹ̀. Bí ó ti ń jókòó, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré. Ṣùgbọ́n kò dára lójú ṣá."

Fèrè dún. Ní ìkọ̀rọ̀ kìíní, ọmọ Pupa ń sún mọ́ Ìbídùn, àwọn ènìyàn sì rò pé ó ti bá a. Ní ìkọ̀rọ̀ kejì, gbogbo wọn jáde sójú títọ́ pọ̀, àlàfo ti parẹ́, ojú gbogbo ènìyàn sì wá rí ohun tí okùn ti sọ. Ìgbà yẹn ni eré tó di eré. Ìbídùn fi àyà kan ìparí ṣáájú ọmọ Pupa pẹ̀lú ohun tí kò ju ìbú ọwọ́ lọ.

Àwọn méjèèjì ṣubú sínú koríko. Ọmọ Pupa ń mí hẹlẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ!" ni ó wí. "Àṣé n kò tíì sáré rí àfi lónìí!"

Kò sí ẹni tó rí ohun kan sọ sí i. Ká ní inú ni Ìbídùn ti sá a ni, wọn ìbá máa jà títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, bóyá wọn ìbá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n alága fúnra rẹ̀ ló fa okùn. Òun náà ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́. Orúkọ Ìbídùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìdíje agbègbè, ó sì lọ. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìwé àti eré pọ̀ ni ó wà títí di òní, kò sì rí àyè dirun fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo Yẹ́lò ló borí lọ́jọ́ náà. Nínú eré àyípo àwọn ọmọkùnrin, ọmọ Yẹ́lò ṣe ipò kẹta. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ló kù díẹ̀ káàtó, ẹsẹ̀ sì ṣeé tún ṣe. Ó ti wà lórí pápá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mà, ẹ pè mí sí ọ́fíìsì yín, ẹ ní kí n wá ṣàlàyé ìdí tí mo fi dìde níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ láti sọ pé ẹnu ọ̀nà wa kò ṣe déédéé. Ẹ ní agogo kan náà ni ẹ ń lù fún gbogbo wa, pé ẹni tí agogo bá lù tí kò tíì wọlé, kí ó lọ gé koríko títí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò fi parí, ìbáà ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀, ìbáà ṣe ọmọ tálákà. Ẹ ní kò sí ohun tó dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní ẹ̀tanú. Olùkọ́ inú àkàwé yìí náà kò ní.

Ṣùgbọ́n agogo yẹn ni ìlà ẹfun náà. Àwa tí ilé wa wà lẹ́yìn ọgbà, inú ni a ti ń sáré. Àwọn ọmọ tó ń ti òdìkejì odò wá, òde pátápátá ni wọ́n wà. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn kọjá kì í gbéra nígbà tí ìkùukùu bá ṣì bo odò, kò sì yẹ kó gbéra, nítorí ẹ̀mí ni ó ń gbé. Bí ó ti wù kí wọ́n jí ní kùtùkùtù tó, etí odò ni wọ́n ń dúró sí. Bí wọ́n bá dé, wọ́n gbé àdá lé wọn lọ́wọ́. Ẹ sì wo ohun tó wà ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìtò iṣẹ́ wa: àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ni. Nígbà tí àwa ń wo ẹ̀wà tó ń hù, koríko ni wọ́n ń gé lábẹ́ fèrèsé wa. A máa ń gbúròó àdá wọn. Nígbà tí èsì ìdánwò bá dé, a ó ní àwọn ọmọ òdìkejì odò kò ní orí sáyẹ́ǹsì.

Mà, ta ló bomi rin wọn?

Tẹ́lẹ̀ rí, mo rò pé kí ara wa lè le ni wọ́n ṣe fi eré ìdárayá sínú ìtò iṣẹ́, àti pé kí a lè yege ni wọ́n ṣe fi àyẹ̀wò sí i. Nísinsìnyí, mo gbà pé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ wa ní ibi méjèèjì. Kí a tó sọ pé ẹnì kan kò lè ṣe nǹkan, kí a kọ́kọ́ wọn ọ̀nà tí ó gbà wá.

A kò ní kí ẹ fún wọn ní máàkì tí wọn kò ṣiṣẹ́ fún. Àwọn fúnra wọn kò ní gbà á, mo ti bi wọ́n. A kò ní kí ẹ ti ẹnu ọ̀nà mọ́ àwa tí ilé wa súnmọ́ ọgbà kí ọ̀rọ̀ náà lè dùn wá bákan náà. Ẹ sún ìlà wọn síwájú níwọ̀n bí odò ṣe mú ọ̀nà wọn gùn tó, kí agogo tiwọn dúró de ọkọ̀. Ẹ gbé àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì kúrò ní iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ìsinmi. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wa sáré. Bí wọ́n bá borí mi, màá mọ̀ pé mo ti sáré.

Ó lè má dára lójú. Àwọn òbí kan lè kígbe ojúsàájú. Nítorí náà ni mi ò ṣe ní kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Okùn rèé, Mà. Mo ti di orí kan mú. Lọ́la, kí agogo tó lù, ẹ bá mi lọ di orí kejì mú, etí odò sì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í nà án.